Kàlẹ́ńdà Tí Kò Mọ Ojú Ọ̀run Ìlá

Kàlẹ́ńdà mẹ́ta ló wà lára ògiri pálọ̀ wa ní ìlú Ìlá lọ́dún náà. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ojú pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ló gba ibẹ̀ kan. Déètì kéré bí ẹyin èèrà. Ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà kò sàn jù ú lọ. Ẹ̀kẹta ni ààyò mi, èyí tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Àpótí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, wọ́n ya bí òṣùpá ṣe ń kún àti bó ṣe ń joro, wọ́n sì ń kọ ọjọ́ tí òjìji bá máa bò ó. Mo gbà á gbọ́ bíi Bíbélì.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló sọ ọ́ di ẹ̀dùn. Gilakómà, àrùn tó ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀, ti jẹ ojú òsì wọn tán. Dókítà ní ìwọ̀nba tó kù nínú ti ọ̀tún kò ní pẹ́ lọ, kò sì sí oògùn tó lè dá èyí tó ti lọ padà. Bàbá wá ní àwọn kò tí ì rí i rí kí òjìji ayé bo òṣùpá títí yóò fi pọ́n bí epo. Kí n bá àwọn wá ọjọ́ rẹ̀. Mo yẹ gbogbo oṣù tó kù lọ́dún náà wò nínú kàlẹ́ńdà Amẹ́ríkà, mo ní kò sí.

Láàárọ̀ Monday kan ní September, ọlọ́kadà tó gbé mi bi mí bóyá mo rí òṣùpá àná. Ó ní òun ń bọ̀ láti ìlú Ire nígbà tó yọ, ó sì pọ́n tó fi ba òun lẹ́rù.

Nígbà tí mo délé, mo wo àpótí Sunday yẹn: àmì òṣùpá àrànmọ́jú wà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọn kò lè rí, wọn kò kọ ọ́. Mo mọ èyí dáadáa, mi ò kàn rò ó ni.

Mi ò lè sọ fún bàbá. Oṣù mẹ́ta kọjá.

Ní December, mo ra kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan lọ́jà, torí pé déètì oṣù Lárúbáwá wà ní igun àpótí kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti di ọjọ́ kẹrìnlá tàbí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, òṣùpá ti kún, ìgbà yẹn nìkan sì ni òjìji lè bò ó. Ìyàwó mi bi mí bóyá kí òun máa se sààrì. Mo yọ ti pásítọ̀, mo ń kan tuntun.

Bàbá gbọ́ ìró òòlù. "Kí lo ń kàn?"

"Kàlẹ́ńdà ni, sà. Èyí tí màá fi mọ ọjọ́ òṣùpá."

Bàbá ní, "Mo gbọ́ ti òṣùpá September lẹ́nu àwọn tó ń kọjá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ó ti pọ́n. Mo jókòó, mo ń retí pé wàá wá mú mi jáde."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rí mi. Wọ́n bèèrè ìgbà tó tún kù. Mo ní mo ti wá a lórí fóònù lẹ́yìn ti September: ó di August tó ń bọ̀, kílẹ̀ tó mọ́, òjìji kò sì ní bò ó tán. Wọ́n ní August jìnnà, kí n mú àwọn jáde nísinsìnyí, kí àwọn mọ ohun tí ojú àwọn ṣì lè rí.

Ilẹ̀ ti ṣú, ìlàjì òṣùpá wà lókè orí wa gan-an. Bàbá kọjú sí iná sólà aládùúgbò.

"Òṣùpá ṣì mọ́lẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo di apá wọn mú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.