Ọkọ̀ Pupa Onílẹ̀kùn Méjì Tí N Kò Rà

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Malete, bọ́ọ̀sì ni mo sì fi ń lọ láti Ìlọrin lójoojúmọ́. Nígbà tí mo wá rí owó ọkọ̀ kó jọ, gbogbo ilé ló rò pé ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ni n ó rà, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé kéú. Wọn ò mọ̀ pé láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni sípọ́ọ̀tì káà ti wà lọ́kàn mi: ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, tó lọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, tó máa ń bú ramúramù bí wọ́n bá ti ṣáná sí i.

Àfi bí mo ṣe rí ọ̀kan lọ́jọ́ kan tí mo ń ti ọjà Ìpàtà bọ̀, tèmi tiṣu nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Pupa ni, ó ń dán yinrin níwájú ilé kan, wọ́n fi páálí kọ ọ́ sí ojú gíláàsì rẹ̀ pé títà ni. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró. Bàbá onílé jáde, Alhaji kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó ní ọmọ òun ló gbé ọkọ̀ náà wá láti òkè òkun, kó tó tún padà lọ. Nígbà tó sọ iye tó fẹ́ tà á, mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọkọ̀ tòkunbọ̀ lásán tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin wọ́n jù ú lọ.

Kí n tó délé, mo ti ń wà á lọ́kàn mi.

Ọkọ mi kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní, "Ìyá àwọn ọmọ, mú mẹkáníìkì lọ kó bá ẹ wò ó." Mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀gbọ́n mi ṣe ni mo mú lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, Alhaji jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mẹkáníìkì ká ara rẹ̀ kò sẹ́yìn bí aṣọ nínú àpótí, a sì forí lé ọ̀nà Òkè-Ọyì. N kò ní purọ́, inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín. Mo kàn fẹsẹ̀ tọ́ ọ ni, ó ti fò. Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ń juwọ́ sí wa.

Bí a ṣe gun gegele àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ sójú ọ̀nà, ikùn ọkọ̀ ha ilẹ̀ gààràgà. Ó tún ha nígbà tí a gun èkejì. Nígbà tí a fi máa sún mọ́ Òkè-Ọyì, iná pupa kan tàn níwájú mi, èéfín sì ń yọ. Mo yà sábẹ́ igi máńgòrò.

Mẹkáníìkì ṣí iwájú ọkọ̀, ó wò ó títí, ó tún bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Ó ní, "Àǹtí, owó tí ẹ ó fi rà á ni Alhaji sọ yẹn. Èyí tí ẹ ó fi máa tọ́jú ẹ̀ ńkọ́? Kò sí irú táyà yìí ní Ìlọrin. Epo tí ọkọ̀ kékeré máa fi lọ Malete lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ló máa mu ún. Tí jíà ẹ̀ bá sì dáṣẹ́ sílẹ̀, èmi ò lè fọwọ́ kàn án."

Inú bí mi. "Ọkọ̀ wo ni wọn kì í tún ṣe?" Mo kọjú sí Alhaji, mo rò pé yóò gbèjà ọkọ̀ rẹ̀.

Alhaji jókòó sórí gbòǹgbò igi. "Ọmọ mi," ó ní, "wálláhì, òótọ́ ló sọ. Ó ti yẹ kí n ti sọ fún ẹ. Láti ọdún kan tó ti wà lọ́wọ́ mi, bóyá ló fi oṣù mẹ́ta rìn. À ń retí pátì tí wọ́n máa fi tún un ṣe ṣáá ni. Ohun tí mo ti ná lé e lórí ti ju iye tí mo ń tà á lọ."

Omi lé sí mi lójú, bí ọmọdé tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó wò: àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, òjò ń rọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró dè mí, èmi náà ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí èéfín rọlẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù orí mi kalẹ̀.

"Alhaji, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí ọjọ́ orí yín."

"Àmín. O ò bínú sí mi?"

"N kò bínú rárá, sà."

A kírun Àìlá lọ́sàn-án ní mọ́sáláṣí abúlé kan nítòsí, a bu omi sí ọkọ̀ nígbà tó tutù, mo sì rọra wà á padà. Alhaji ní, "Gbádùn ẹ̀ o, òní nìkan ni."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mẹkáníìkì bá mi wá ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan, onílẹ̀kùn mẹ́rin, tí pátì rẹ̀ pọ̀ nígboro. Ó wọ́n ju pupa yẹn lọ díẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́, òjò ń rọ̀ kíkankíkan, mo gbé olùkọ́ méjì sẹ́yìn, à ń tàkúrọ̀sọ títí a fi dé. Mo paná ọkọ̀, mo jókòó díẹ̀ sí i, mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Alihamudulilai."