Ata Nínú Oúnjẹ Ẹṣin

Mo rántí ìgbà tí mo fi ẹnu ara mi sọ pé mo mọ ẹṣin dáadáa, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan ẹṣin rí. Iṣẹ́ ni mo ń wá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan wà ní Ìkirè tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ, ọ̀gá ibẹ̀ sì ti gbọ́ pé àwọn olówó tó ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn ń wá oúnjẹ gidi fún ẹṣin wọn. Ó bi mí pé, "Ṣé o mọ ẹṣin?" Mo ní, "Dáadáa ni, sà." Adìyẹ àti màlúù ni wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì, ti ẹṣin kò ju ojú ìwé méjì lọ. Wọ́n gbà mí fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n fi wò mí ná. Bí oúnjẹ ẹṣin náà bá yọrí, mo di òṣìṣẹ́ wọn; bí kò bá yọrí, kí n máa lọ sílé.

Àwa mẹ́rin péré la jọ ń ṣètò rẹ̀: ọ̀gá, àǹtí kan tó máa ń ṣírò ohun tó yẹ kó wà nínú oúnjẹ ẹran, ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo, àti èmi, onímọ̀ ẹṣin wọn. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa ń ṣèpàdé. Ọ̀gá á kọ ọ́ sójú pátákó: kí ni ẹṣin ń jẹ, níbo la ti máa rí i, ta ló máa tọ́ ọ wò, ìgbà wo la máa gbé e lọ Ìbàdàn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹṣin, gbogbo ojú á yí sọ́dọ̀ mi. Èmi náà á gbá àgbọ̀n mú, n óò máa mi orí bí àgbà. "Ẹṣin fẹ́ràn ìyẹn gan-an," ni mo máa ń wí, bẹ́ẹ̀ bóyá ó tilẹ̀ ní eyín lókè ẹnu, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Nígbà tó kan ohun tí yóò mú oúnjẹ náà dùn, àǹtí dábàá omi ìrèké, ọ̀gá ní ó ti wọ́n jù. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àgbọ́njù mi ti dé. Ta ni kò mọ dòdò Ìkirè? Àwọn ìyá tó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá àlà dín in wà lẹ́bàá ọ̀nà wa, àfọ́kù rẹ̀ sì ń ṣòfò lójoojúmọ́. Mo ní ká sá a gbẹ, ká lọ̀ ọ́ mọ́ àgbàdo àti èèpo ẹ̀wà. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Nígbà tí kò ti sí ẹṣin nítòsí, a kọ́kọ́ fún àwọn adìyẹ ẹ̀yìnkùlé wa jẹ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jà lé e lórí. Àǹtí kọ ọ́ sínú ìwé pé oúnjẹ náà dùn. Kò sí ìkankan nínú wa tó rántí pé ata wà nínú dòdò, àti pé ata kì í ta adìyẹ lẹ́nu.

Bàbá kan wà ní Àpòmù tí ìdílé wọn ń sin ẹṣin láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹṣin pupa kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń kẹ́ ẹ bí ọmọ. Ó gbà fún wa pé ká fi dán oúnjẹ wa wò. Ọ̀gá wọ búbá funfun lọ́jọ́ náà. A da oúnjẹ sínú ọpọ́n; ó kúnná bí èlùbọ́, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń lọ ti adìyẹ. Ẹṣin ki ẹnu bọ̀ ọ́. Ó dúró díẹ̀. Ó ká ètè òkè sókè, ó sín, gbogbo ìyẹ̀fun náà sì bá búbá ọ̀gá lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ gbá ọpọ́n dànù, ó forí lé ibi omi.

Bàbá fi ìka kan ìyẹ̀fun náà, ó tọ́ ọ wò.

"Ata rèé! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ẹ̀ ní pa ẹṣin mi fún mi. Ta ló mọ ẹṣin nínú yín?"

Gbogbo wọn wò mí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò pé oṣù mẹ́ta tọ́wọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé bí mo bá tún pa irọ́ mìíràn, ẹṣin bàbá ni yóò jìyà rẹ̀, ojú sì tì mí gidigidi. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni mo pa. Òní ni mo kọ́kọ́ dúró ti ẹṣin láyé mi."

Mo ti ń ro bí n óò ṣe palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nígbà tí àǹtí wúkọ́.

"Èmi náà, inú ìwé ni mo ti ń ṣírò. Mi ò fojú rí i rí."

Ọkùnrin ẹlẹ́rọ wolẹ̀. "Èmi rí i lẹ́ẹ̀kan, n'Ílọrin. Mo sá ni."

Ọ̀gá kò bá wa dá sí i. Ó ń gbọn búbá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa, ká tún ètò wa tò."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ máa bọ̀ lọ́la. Ẹ má gbé àpò kankan dání o. Ẹ kàn wá jókòó ti ẹṣin."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gun ọ̀kadà láti Ìkirè lọ sí Àpòmù. Mo kọ́ pé koríko ló ń ṣáájú, pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹṣin ń jẹun, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, àti pé oúnjẹ tó bá kúnná jù máa ń wọ̀ ọ́ nímú. A wá ń fọ́ àgbàdo dípò ká lọ̀ ọ́, a ń wọ́n omi sí i, a sì yọ dòdò kúrò pátápátá. Lọ́jọ́ tí ẹṣin bàbá lá ìdí ọpọ́n, mo sunkún níbẹ̀, n kò sì bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń wò mí. Wọ́n fún mi níwèé iṣẹ́ mi.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ẹṣin ni mo fi ń jẹun báyìí. Wọ́n ń pè mí láti Ìbàdàn dé Ìlọrin. Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì, ó ń tọ́jú oko kòkó rẹ̀ ní Orílẹ̀-Òwu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí lórí fóònù. A kíra títí, ó béèrè ọkọ, ó béèrè àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nǹkan kan wà tí mo ti ń fẹ́ bi ọ́ látọjọ́ yìí wá," ló wí. "Ṣé òótọ́ ni wọ́n ní ẹṣin máa ń sùn lórí ìdúró?"

Mo ronú kan gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí òun nìkan fi ń dúró níwájú pátákó yẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni, sà," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín."