Òróró Lójú Lẹ́ńsì

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìjọ wa nítòsí Becontree Heath, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni mo máa ń ya fọ́tò ìkórè. Màá wọ sùtánà funfun mi, ẹsẹ̀ lásán bí a ti ń ṣe, màá gbé kámẹ́rà kọ́rùn, màá sì máa yọ́ rìn láàárín àwọn akọrin. Kámẹ́rà náà ti pẹ́, lẹ́ńsì rẹ̀ sì kúrú, ṣùgbọ́n ìwé ètò ìsìn ìkórè kì í jáde láìjẹ́ pé fọ́tò tí mo yà wà níwájú rẹ̀. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àyè yẹn, mi ò sì rò ó rí pé ẹlòmíì lè fẹ́ ẹ.

Àfi bí arábìnrin kan ṣe kó dé láti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, òun àti ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kéré sí mi dáadáa. Á kúnlẹ̀ kí mi, á ní, "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo wá ohun tí màá fi bínú sí i, mi ò rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Lọ́dún yìí, àkòrí ìkórè wa ni bí Ọlọ́run ṣe ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run. Ìyá Ìjọ ní fọ́tò ẹyẹ gidi làwọn fẹ́ síwájú ìwé, kì í ṣe èyí tí wọ́n fà yọ lórí fóònù. Kí n tó lanu, àbúrò yìí ti ra lẹ́ńsì kan tó gùn tó apá mi, irú èyí tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ohun tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìdé iwájú pẹpẹ, ì báà jẹ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ì báà jẹ́ bàtà ọmọ tuntun. Ó gbé lẹ́ńsì náà wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bàbá Wòlíì gbàdúrà lé e lórí, wọ́n ti ìka bọ òróró, wọ́n sì fi ṣe àmì àgbélébùú sí i. Ìjọ ṣe "Àmín!" Èmi náà ṣe àmín. Èmi sì ni wọ́n ní kí n ya fọ́tò ìbùkún náà, pẹ̀lú lẹ́ńsì mi kúkúrú.

Ní Sátidé, àwa méjèèjì jọ lọ sétí odò ní Barking láti dán an wò. Omi ti fà, ẹrẹ̀ hàn, lékeléke kan sì dúró nínú rẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹja. Ní tèmi, lékeléke náà dà bí ẹyọ ìrẹsì kan lórí ẹrẹ̀. Mo yíjú sí àbúrò mi pé kí n rí bí tirẹ̀ ṣe rí. Ó ti fajú ro.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó. Gbogbo rẹ̀ ló rí bàìbàì. Wọ́n ti ta ọjà burúkú fún mi. Mọ́ńdè ni màá dá a padà."

Mo wo ojú lẹ́ńsì náà. Àgbélébùú wà níbẹ̀, ó ń dán, apá rẹ̀ ò yingin. Bí mo bá dákẹ́, lẹ́ńsì yìí á padà síbi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹyọ ìrẹsì mi. Kí ni ìjọ máa wá fi síwájú ìwé?

"Òróró Bàbá ni," mo ní. "Nù ún kúrò."

Ó fò sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Kí n nu òróró mímọ́? Àǹtí, ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Èyí tí wọ́n fi sí ẹ níwájú orí lóṣù tó kọjá ńkọ́? O ò tíì wẹ̀ látìgbà náà?"

Ẹ̀rín pa á. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ nù ún o. Ẹ̀yin lẹ ti pẹ́ nínú ìjọ."

Mo mú aṣọ ìnulẹ́ńsì mi, mo ka sáàmù kúkúrú kan sẹ́nu, nítorí ẹ̀rù ń ba èmi náà, mo sì nù ún títí ó fi mọ́ kedere.

"Ó yá, ẹ̀yin lẹ nù ún, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò." Ó bá mi fi í sẹ́nu kámẹ́rà tèmi. Ó wúwo bí ọmọ ọwọ́. Mo gbé e sójú, ojú èmi àti lékeléke ṣe mẹ́rin. Mo rí àwọ̀ yẹ́lò tó yí ẹyinjú rẹ̀ ká, mo rí omi tó ń kán lẹ́nu rẹ̀. Owú tí mo gbé wá láti ilé tún wá di ìlọ́po méjì. Ṣé báyìí ló ṣe ń rí ayé? Ẹyẹ náà ki ẹnu bọ omi, ó gbé ẹja kékeré kan jáde, mo sì tẹ kámẹ́rà. Nígbà tó máa kan àbúrò mi, ẹyẹ náà ti fò lọ. Ìdí rẹ̀ nìkan ló rí yà. Mi ò lè sọ pé ó dùn mí.

Lọ́jọ́ ìkórè, lékeléke mi ló wà níwájú ìwé. Ìyá Ìjọ gbé e sókè. "Ẹ wo ohun tí òróró ṣe! Lẹ́ńsì tí a gbàdúrà sí lójú yín níbí!" Agogo dún, àwọn èèyàn ń dì mọ́ àbúrò mi. Ó ń na ọwọ́ sí mi, ó ń pariwo, "Àǹtí mi ló yà á o! Àǹtí mi ni!" Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo gbé lẹ́ńsì kúkúrú mi lọ síwájú pẹpẹ, mo kúnlẹ̀. Bàbá Wòlíì gbàdúrà, wọ́n ti ìka bọ òróró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "orí ìdérí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí."

Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ẹ̀rín àbúrò mi tó ń fọwọ́ bo ẹnu.