Etí Tí Bàbá Mi Fi Ń Tún Kábúrétọ̀ Ṣe

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílùú Benin níbí, ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá mi ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti dé. Láti Èkìtì ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ ìjọba, fàájì kan ṣoṣo tí wọ́n sì ní ni ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì yẹn. Ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu o: láti Benin títí dé Ekiadolor, kò sí ọkọ̀ tó lè yà wá sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ kábúrétọ̀. Òun ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín dúdú á gba gbogbo àgbàlá. Bí ó bá kéré jù, ọkọ̀ á máa wúkọ́. Etí ni wọ́n fi ń mọ ibi tó dọ́gba, etí bàbá mi sì ti ń di. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ọmọbìnrin wọn ni wọ́n máa ń pè sídìí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á máa yí súkúrù, wọ́n á máa wo ojú mi. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń kùn geere, màá nawọ́ sókè.

"Ó tó?"

"Ó tó, sà."

Inú mi á dùn débi pé n kì í rántí oúnjẹ.

Nígbà tí wọ́n papò dà, èmi ni wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún. Ọmọ mi ló ń wà á báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àdúgbò Ugbowo, bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀.

"Mummy, this carburetor don tire. Make we put injector, abi make we sell am."

Mo kọ́kọ́ fi àáké kọ́rí. Ṣùgbọ́n kí n wá rí ọkọ̀ bàbá mi lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù? Mo gbà.

Mẹkáníìkì yọ kábúrétọ̀, ó fi injector rọ́pò rẹ̀, ó sì so kọ̀ǹpútà tó ń díwọ̀n epo mọ́ ọkọ̀. Ọmọ mi wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ́ńjìnnì dáhùn. Kò rùn, kò wúkọ́. Ká sòótọ́, ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Àárò bàbá mi ṣáà sọ mí gan-an, nítorí kọ̀ǹpútà ti mọ ibi tó dọ́gba, kò sì sẹ́ni tó wo ojú mi.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn geere, ọwọ́ mi lọ sókè fúnra rẹ̀. Ọmọ mi rò pé mò ń kí òun pé ó dàbọ̀. Ó juwọ́ sí mi, ó sì wa ọkọ̀ jáde.