Ẹjọ́ Ilé Omi Inú Eré Òkun

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àdúgbò wa ní Ìgándò ṣì kún fún ẹrẹ̀, ìyá àgbà mi kì í jẹ́ kí n fojú kan ilé géèmù àfi bí mo bá ti pọn omi kún àgbá. Kànga wa jìn, okùn rẹ̀ a sì máa bó mi lọ́wọ́. Bí mo bá parí, màá fi ẹ̀bà àná àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ti dì panu, màá sì sáré gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù Bọ̀dá Gàní.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà kò ní gbàgbé irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: páálí lójú fèrèsé, èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń ta ni lójú, páàdì tí a fi ń darí eré, tó ń rùn bí ẹ̀pà yíyan nítorí ọwọ́ àìfọ̀. Ẹni tó bá jà, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti máa wo eré ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

Eré kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ kìkì òkun. A ó máa wa ọkọ̀ láti erékùṣù dé erékùṣù, a ó máa wá ìṣúra. Kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ náà wà jù mí lọ. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni mo fi ń mọ ibi tí ìjì ti ń bọ̀. Wọ́n sọ mí ní Kápútéènì. Ṣùgbọ́n láàárín eré, ọkọ̀ a gúnlẹ̀, a ó sì wọ ilé kan lábẹ́ ilẹ̀ tí omi kún gbogbo yàrá rẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa fa omi náà sílẹ̀, kí ó tún máa dá a padà, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí a ó ṣe ṣe é, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ilé ìwé sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi ní kíláàsì kejì. Bí a bá ti débẹ̀, màá gbé páàdì fún ẹlòmíràn, màá ní ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.

Lọ́jọ́ kan, mo sọ ọ́ ní gbangba pé ilé náà kò yẹ kó wà. Mo ní eré tó jẹ́ òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò nílò ilé omi mọ́. Ilẹ̀ gbígbẹ ló yẹ kí wọ́n gbé wa lọ, kí ojú wa lè sinmi. Ta ní í wà lójú òkun tí yóò tún máa gbẹ́ kànga?

Múfú, ọmọ onílé wa, fèsì pé orí omi ni a wà láti àárọ̀, a kò tíì wọ inú rẹ̀. Òkun tí èèyàn kò bá wọ̀, ojú lásán ló fi mọ̀ ọ́n. Èsì tó dára ni. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ǹ bá rò ó wò. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kápútéènì, jọ̀ọ́, ka nǹkan tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn fún wa ná."

Mo wo àwọn lẹ́tà náà títí wọ́n fi ń jó lójú mi. Mo ní ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Ìkòtún. Mo yíjú sí Bọ̀dá Gàní, nítorí òun ló máa ń dá ẹjọ́ wa, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbọ́ tẹnu mi.

"Ẹnu wo? Torí pé o ò mọ̀wé lo ṣe fẹ́ wó ilé onílé. Dìde fún ẹni tó lè kà á, jàre."

Mo dìde. Ìyá àgbà mi a máa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ jáde. Ohun tó ń tì mí lójú di òní ni pé kì í ṣe irọ́ ni Bọ̀dá Gàní pa pátápátá: ẹ̀rù ìwé wà nínú ọ̀rọ̀ mi. Síbẹ̀, ẹ̀rù tó wà lọ́kàn ẹlẹ́jọ́ kò sọ ẹjọ́ rẹ̀ di òfo. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́.

Nígbà náà, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni a ti ń ṣeré, ojú wọn náà ni ìtìjú ti ń bá ni. Lónìí, inú fóònù ni ọmọbìnrin mi ti ń ṣe tirẹ̀ nílé wa ní Ẹgbẹ́dá. Ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, yóò tẹ̀ ẹ́, fóònù yóò sì kà á sí i létí. Kò sẹ́ni tí yóò fi í rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò sí alábàájiyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ibi tí mo lè gbé ẹjọ́ tèmi lọ mọ́ àfi ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ó bá tọ́ kí ẹ dá mi lẹ́bi, ẹ dá mi lẹ́bi. Ẹ má ṣáà kọ́kọ́ ní kí n kàwé.