Sàúdátù Kò Gbin Àgbàdo Sínú Òjò Àkọ́rọ̀

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn rọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tí yóò fi di àárọ̀ Jímọ̀, gbogbo oko tó wà láàárín Ìlọrà àti Akínmọ̀ọ́rìn ti kún fún àwọn tó ń gbin àgbàdo. Sàúdátù nìkan ni kò gbin nǹkan kan. Igi kékeré kan ni ó mú dání, ó ń fi í walẹ̀ lábẹ́ ewé gbígbẹ ní etí oko rẹ̀. Ìgbín ni ó ń wá, kì í sì í ṣe láti jẹ ẹ́. Ó rí mẹ́ta, ó yí wọn, ó wo ẹnu wọn. Ìdérí funfun tí ìgbín fi ń dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà níbẹ̀ digbí, ó le bí èèpo ẹyin. Ó rọra dá wọn padà sáyè wọn, ó sì gba ilé lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé oorun ni ìgbín ń sùn. Kì í ṣe oorun. Ariwo lè jí ẹni tó ń sùn; ìgbín tó ti ara rẹ̀ mọ́lé kò ní í jáde àfi bí omi bá wọnú ilẹ̀ débi tó wà. Ara rẹ̀ kò gba oòrùn, bó bá ṣi ọjọ́ kà, ikú ni. Ìyá Sàúdátù, ọmọ Fìdítì tó fi ìgbín títà tọ́ ọmọ márùn-ún, ló kọ́ ọ pé, "Òjò tí kò bá ṣílẹ̀kùn ìgbín, eruku ló wá pa."

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí Sàúdátù ń dá, ilẹ̀ ìdílé ni. Bàbá rẹ̀ ló ṣán an, òun ló sì ń dá a láti ọdún mọ́kànlá tí bàbá náà ti kú. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, síbẹ̀ àwọn kan ò yé sọ pé obìnrin tó ti relé ọkọ rí kò ní ilẹ̀ nílé bàbá. Mọ́gàjí Àlàní, àbúrò bàbá rẹ̀, ti wá ṣòfin lọ́dún yìí: gbogbo ìdílé ni yóò jọ háyà katakata, gbogbo wọn ni yóò sì jọ gbìn. Ilẹ̀ tó bá ṣófo di ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn tí gbígbìn bá bẹ̀rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àbdùlláhì, ọmọ Mọ́gàjí, ti ń fojú wọn ilẹ̀ Sàúdátù tipẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àbdùlláhì bá Sàúdátù níwájú ilé Mọ́gàjí.

"Ìyá Hamidah, wọ́n ní ẹ ò tíì gbin nǹkan kan. Àbí irúgbìn ló tán? Mo lè fún yín."

"Irúgbìn mi ń bẹ lórí àjà. Òjò ni kò tíì dé."

"Ta ló wá da omi lé wa lórí lánàá?"

"Lọ bi ìgbín."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. "Ìgbín ti di ọ̀gá àgbẹ̀," ni Àbdùlláhì wí. "Ẹ jẹ́ ká kúkú fi í jẹ Mọ́gàjí."

Mọ́gàjí kò rẹ́rìn-ín. "Sàúdátù, òfin ò mọ ìgbín. Ọjọ́ mẹ́rìnlá."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ọjọ́ náà á pé, ẹ óò sì bá mi lórí ilẹ̀ bàbá mi."

Ní ọjọ́ karùn-ún, oko àwọn yòókù ti hù, ó tutù minimini. Hamidah, ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Awẹ́, pè é lórí fóònù.

"Màámi, ẹ kàn da díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè fi yín lọ́rùn sílẹ̀."

"Mi ò gbin irọ́ rí, Hamidah. Mi ò ní í bẹ̀rẹ̀ báyìí."

Ẹ̀rù bà á, kí a má purọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó tún lọ walẹ̀. Ìdérí funfun náà ṣì wà níbẹ̀. Inú bí i sí ìgbín fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àáké kọ́rí.

Òjò kejì kò rọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ewé àgbàdo inú oko àwọn ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí ẹní. Àwọn kan pè é ní àrùn, àrùn kọ́: àgbàdo ń káwé rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ má baà tètè tán ni. Ṣùgbọ́n èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì jìn, kíká kò lè gbà á. Kó tó di ọjọ́ kẹtàlá, ó ti gbẹ tán.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, Mọ́gàjí àti Àbdùlláhì bá Sàúdátù lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó jókòó, àdá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọ́gàjí wo oko òfìfo náà, kò dárúkọ òfin.

"Irúgbìn ti tán lọ́wọ́ gbogbo wa," ni ó wí. "A gbọ́ pé tìrẹ ń bẹ. Kó o jáde, kí ìdílé pín in."

Àgbàdo funfun àtijọ́ ni irúgbìn náà, èyí tí háhá rẹ̀ dì mọ́ ọn pinpin tí kòkòrò kì í ríbi wọlé. Ọgbọ̀n ìdì ló wà lórí àjà, lókè èéfín.

"Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ilẹ̀ náà lẹ tún wá gba irúgbìn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹbí ni wá," ni Àbdùlláhì wí.

"Ẹbí la jẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rìnlá sẹ́yìn náà, òfin lẹ bá mi sọ." Ó yíjú sí Mọ́gàjí. "Bàbá, ẹ pe ìdílé jọ láàárọ̀ ọ̀la. Kí ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé tèmi ni ilẹ̀ yìí, pé Hamidah ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ka sí i. Lẹ́yìn náà, mo máa gun àjà."

"Bí mo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká máa wo ara wa."

Mọ́gàjí wo àgbàdo gbígbẹ tó wà lódìkejì ààlà, ó ní òun yóò pe ìdílé.

Láàárọ̀ Sátidé, ìdílé péjọ. Mọ́gàjí dìde, ó ní wọ́n gba Sàúdátù láàyè láti máa dáko níbẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Sàúdátù kò kúrò lórí ìjókòó.

"Ẹ ò gbà mí láàyè, Bàbá. Tèmi ni. Ẹ tún un sọ."

Mọ́gàjí tún un sọ bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun, ó dárúkọ Hamidah pẹ̀lú, wọ́n kọ ọ́, ó tẹ̀ka sí i. Sàúdátù ka ìwé náà tán kó tó dìde lọ gun àjà. Òjò kò tíì ṣú. Àbdùlláhì ló kọ́kọ́ nawọ́. Sàúdátù fún un ní iye tí ó fún àwọn yòókù, kò dín in, kò sì fi kún un.