Ìgò Mẹ́rin ní Malali

Ilé-ìwé wa ní Kabala Costain kò ní lábù, kò sì ní lítímọ́ọ̀sì, ìyẹn pépà tó ń fi àwọ̀ sọ fúnni bóyá omi kan jẹ́ ásíìdì tàbí béèsì. Nígbà tí mo wà ní SS2, olùkọ́ kẹ́místírì wa, ọkùnrin ará Ìlọrin kan, ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé zobo wá láti ilé, kí a má fi ṣúgà sí i. Ìyá mi bi mí pé ta ló fẹ́ mu irú zobo bẹ́ẹ̀. Mo ní a ò ní mu ún, a fẹ́ fi mọ ásíìdì ni.

Bẹ́ẹ̀ la sì ṣe mọ̀ ọ́n. A kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí zobo, ó pọ́n yòò. A kán omi eérú sí òmíràn, ó di àwọ̀ ewé. Olùkọ́ wa ní ásíìdì ni ti àkọ́kọ́, béèsì ni ìkejì. Bí a bá po ásíìdì àti béèsì pọ̀ níwọ̀n tó yẹ, wọ́n á pa agbára ara wọn, wọ́n á sì di iyọ̀ àti omi. Ó wá kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi ahọ́n tọ́ ohunkóhun wò, kó má wọ kíláàsì òun mọ́.

Lọ́dún yẹn, wọ́n pè wá síbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé ńlá kan ní Malali. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ni olùkọ́ wa mú lọ. Àgbàlá kan náà la jọ ń gbé. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Hausa ló fi máa ń dá mi lóhùn. Bí a ṣe gbé zobo wa lé tábìlì, ọmọkùnrin kan láàárín àwọn onílé béèrè bóyá títà la fẹ́ tà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìgò mẹ́rin ni wọ́n gbé síwájú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, omi tó mọ́ gaara ló wà nínú gbogbo wọn. Wọ́n ní kí a sọ èyí tó jẹ́ ásíìdì, béèsì, omi iyọ̀ àti omi lásán. Àwọn ọmọ Malali yọ lítímọ́ọ̀sì, àwa kán zobo. Ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan di àwọ̀ ewé. Méjì tó kù kò yí àwọ̀ padà rárá.

Ibẹ̀ ni gbogbo ikọ̀ há sí. Ọ̀rẹ́ mi na ìka sí ìgò kan, ó fẹ́ tọ́ ọ wò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àtùpà kékeré kan wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Mo rántí iyọ̀ tó máa ń gbẹ mọ́ ara ìkòkò nígbà tí omi ẹ̀wà ìyá mi bá hó dànù.

“Jẹ́ ká sè wọ́n gbẹ,” mo sọ fún un.

“To, yi sauri,” ló fèsì, pé kí n ṣe kíá.

Mo kán díẹ̀ nínú ìgò kan sí síbí, mo gbé e sórí iná. Ó gbẹ, síbí mọ́. Mo fi síbí mìíràn ṣe ti èkejì. Ìyẹn ta pàrà pàrà, nígbà tó sì gbẹ tán, nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ síbí.

Obìnrin àgbàlagbà tó ń ṣe adájọ́ bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní omi ti bá afẹ́fẹ́ lọ, iyọ̀ kò lè bá a lọ. Ó gbé síbí náà sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí i.

“Àwọn méjì yìí nìkan ló gbà á,” ló wí.

Ọ̀rẹ́ mi dì mọ́ mi débi pé mi ò rí atẹ́gùn mí. Àpótí ohun èlò lábù kan ni wọ́n fi ta wá lọ́rẹ, olùkọ́ wa kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gbé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n pè wá síwájú gbogbo ilé-ìwé. Àtẹ́wọ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá lójú títì fi ń yọjú wò wá láti ẹnu géètì. Kí táàmù náà tó parí, ọmọbìnrin méjì tó ti sá fún kẹ́místírì padà wá bá wa, a sì sún fún wọn lórí bẹ́ǹṣì.